Ìgò Tí A Kò Fi Ìgbẹ́ Sí

Ìyá Ìgbẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní ilé àyẹ̀wò wa. Kò dùn mí, iṣẹ́ tí mo yàn láàyò ni. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi gba ìgbẹ́ lọ́wọ́ ọgọ́ta ènìyàn, tí mo fi kẹ́míkà yọ́ ọ, tí mo sẹ́ ẹ, tí mo sì ń ka èérún ike tó bá kù sórí asẹ́. A fẹ́ mọ̀ bóyá ike inú àwọn tí ìfun wọn ń dọ́gbẹ́ pọ̀ ju ti àwọn tí ara wọn le lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn aláìsàn náà. Ọdún mẹ́fà ló fi sáré lọ sílé ìgbẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé, kí dókítà tó rí oògùn tó bá a lára mu.

Nígbà tí mo kà á tán, ti àwọn aláìsàn fi ìlọ́po méjì ju ti àwọn yòókù lọ, òwú ike tín-ín-rín búlúù ló sì pọ̀ jù. Ọ̀gá wa jó yí tábìlì po. Èmi tí inú mi kì í gba ọ̀rọ̀, mo sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó kó gbogbo ike ilé rẹ̀ dànù, ó sì da oògùn rẹ̀ mọ́ ọn, torí ó gbà pé ike ni gbogbo àìsàn òun. Mi ò bá a jiyàn tó bó ṣe yẹ. Inú mi dùn jù.

Ó ku àwọn ìgò tí a kì í fi ìgbẹ́ sí, omi mímọ́ nìkan, kí a lè mọ ohun tó ti ara wa já sínú iṣẹ́. Mo ti ń fi wọ́n falẹ̀, torí ta ló fẹ́ ka òfo? Nínú èyí tí mo ṣe láàárọ̀, mo rí òwú búlúù mọ́kànlá. Nínú èyí tí mo ṣe lọ́sàn-án, kò sí ẹyọ kan. Ọ̀sán ni mo máa ń ṣe ti àwọn tí ara wọn le; òwúrọ̀ ni mo máa ń ṣe ti àwọn aláìsàn, nígbà tí yàrá náà bá tutù, tí mo bá wọ súwẹ́tà búlúù mi. Ike ni wọ́n fi hun súwẹ́tà ọ̀hún. Mo já òwú kan lára rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi: ọmọ ìyá kan náà.

"Yọ àwọn búlúù yẹn kúrò, ká máa lọ," ni ọ̀gá wí. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ṣèlérí èsì."

"Ọ̀gá, èwo ni tèmi, èwo ni tiwọn? A máa tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni." Mo fi àáké kọ́rí.

Ó pòṣé. "Ìwọ lo máa pe ọgọ́ta ènìyàn pé kí wọ́n tún wá yàgbẹ́ o."

"Màá pè wọ́n, sà."

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ti rù. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó di ikùn mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo sọ fún yín kì í ṣòótọ́. Aṣọ ara mi ni mo kà, a máa tún gba ìgbẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín."

"Kò sí ike nínú mi, àbí?"

"Ó ṣeé ṣe kó wà. Nínú eku tí wọ́n fi dán an wò, ó ń ba awọ ìfun jẹ́. Ti ènìyàn, a ò tíì mọ̀ dájú. Àmọ́ a mọ̀ pé oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ dìde, ká lọ rí dókítà."

Ó wò mí. "Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ṣu ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo fi ń tu ara mi nínú."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè sunkún. Mo bá a wọ bàtà, mo gbé báàgì rẹ̀.

Dókítà tún oògùn náà kọ fún un. Bí a ṣe jáde, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Fi èmi ṣe ẹni àkọ́kọ́, màá gbé ìgbẹ́ mìíràn wá. Àmọ́ ohunkóhun tí o bá rí, má wá sọ fún mi mọ́. Dókítà ni kó o sọ ọ́ fún."

"Mo ti gbọ́." Ó dùn mí wọra, torí láti kékeré, òun ni mo máa ń sáré lọ bá tí mo bá rí nǹkan tuntun.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ti fóònù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́ta yòókù.