Àga Ẹlẹ́rìí

Ọ̀nà táwọn onímọ̀ lè gbà bá Ẹgbẹ́ Olùwádìí Ìrìnnà ṣe pọ̀ kò fara sin. Ẹni tó bá fẹ́ lè jókòó sẹ́yìn, kó máa gbọ́, kó máa mi orí bí alángbá. Ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pe irú wọn. Ẹni tó bá mọ̀wé dáadáa lè máa ka iṣẹ́ táwọn ẹlòmíì kọ, kó sọ èyí tó dára àti èyí tó yẹ ní dídà sórí ààtàn. Àwọn tí ẹnu wọn tólẹ̀ ló jókòó yí tábìlì gígùn ká. Àwọn ló ń dìbò, ibi tí wọ́n bá sì na ìka sí nìkan ni ìwádìí ń lọ.

Àga kan ṣì wà tí kò sí nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Iwájú ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbohùngbohùn, ó sì ní tìmùtìmù. Àga ẹlẹ́rìí ni. Ẹni tí ọkọ̀ ti ṣe léṣe ní í jókòó síbẹ̀, tí yóò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí i, kí àwọn tó ń gbówó kalẹ̀ fún ìwádìí lè rí ohun sunkún sí.

Orí àga yẹn ni obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Awọnnà wà láti ìgbà tí tírélà ti gba ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́ rẹ̀. Wíwọn ọ̀nà niṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bó bá ti gbé ìwádìí tó ṣe lórí bèbè títì wá, wọ́n á ní kó gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kó kọ́kọ́ sọ ti ẹsẹ̀. Bó bá sì ti sọ ti ẹsẹ̀ tán, oúnjẹ ọ̀sán á ti dé.

Lọ́jọ́ kan ó lọ bá Alága ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn ni Alága, ẹni tó lè sọ fún ọ pé ilé rẹ ń jó, kó sì dà bí ẹni tó ń kí ọ kú oríire.

"Alága, sà, mo fẹ́ kúrò lórí àga yẹn. Ìdí tábìlì ni mo fẹ́ máa jókòó."

"Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ojú àánú wa?"

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n gé, sà. Wọn ò gé orí."

Alága rẹ́rìn-ín títí, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yín dùn ún gbọ́. A ò kọ̀ o. Àyè kan tiẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń dìbò ò lè tún jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bẹ́ ẹ bá wá sọ́dọ̀ wa, ta ni yóò jókòó síwájú? Ẹ bá wa wá ẹlòmíì. Ẹni tuntun. Kẹ́ ẹ kọ́ ọ bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba èèyàn nímọ̀ràn. "Ká má tan ara wa, tiyín ti ń gbó. Níbi tẹ́ ẹ ti ń sọ ti ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́sí, mo rí ẹnì kan tó ń tẹ fóònù."

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú Awọnnà ti yí padà sí àwọn aláàbọ̀ ara. Bó bá rí ọkùnrin kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lórí títì, á ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Èyí ti dàgbà jù." Bó bá rí èyí tó ń súfèé lórí kẹ̀kẹ́ arọ, á ní, "Èyí ti gbàgbé." Bí ẹní ń yan aṣọ ló ṣe ń yàn wọ́n.

Kò gbàdúrà fún ohun tó ṣẹlẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan, tó ní ọkọ̀ akóyọyọ gun orí bèbè títì, ó sì gbá àbúrò òun obìnrin níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, igbe ni Awọnnà fi bọnu, omijé gidi sì ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tó rí láàárín ẹkún náà ni pé àbúrò ọkọ òun yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Eyínfúnjowó ló ń pè é. Òun ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó wọlé ọkọ, tí ọmọ náà ṣì kéré, tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ náà dàgbà, ó kàwé, ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú. Òun ló ń ya àwòrán ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń yà á, ọwọ́ ọ̀tún náà ni wọ́n sì gé ní ìgbọ̀nwọ́.

"Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́," ni Awọnnà wí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

"Ìyàwó wa, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àbí ẹ ò rí ẹnu mi ni?"

Eyín iwájú ti lọ.

"Ṣé ẹ ò ní fẹ́ kí irú èyí dẹ́kun lára ọmọ ọlọ́mọ?"

"Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́. Omi ni mò ń fẹ́."

Awọnnà bu omi, ó gbé ife sí i lẹ́nu, ó sì ń wo bí omi náà ṣe ń gba àlàfo eyín ṣàn bọ́ sí àgbọ̀n. Ó wò ó dáadáa. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá ní kí àwọn wá oníṣègùn eyín, òun ló ní ká ní sùúrù, kí egbò inú ẹnu jinná ná. Egbò jinná, ó tún ní kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbà. Ta ni yóò mọ̀ ju ẹni tí ọkọ̀ ti gbá rí?

Kí ọmọ náà lè gbà láti jókòó sórí àga ẹlẹ́rìí, ohun kan ṣoṣo ló fi tàn án. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì yàwòrán. Ó ya gbogbo ibi tí èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì láìsí ohun tó lè dá ọkọ̀ dúró. Awọnnà ní, "Àwọn tó ń dìbò á wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sọ tẹnu yín tán, wọ́n á wo iṣẹ́ yín."

Inú pálọ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Awọnnà gbé àga sí ẹ̀bá ògiri, ó jókòó sí iwájú rẹ̀.

"Ọwọ́ náà ṣì máa ń ro mí," ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀.

"Má sọ pé ó ń ro ẹ́. Sọ pé o ṣì ń gbúròó àwọn ìka ẹ lówùúrọ̀."

"Mi ò gbúròó ìka kankan."

"Wàá gbúròó wọn."

Ọmọ náà wò ó. "Ìyàwó wa, láti kékeré mi lẹ ti ń fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti wá di 'o' báyìí?"

"Iṣẹ́ là ń ṣe. Tún un sọ. Tó o bá dé ibi eyín, dákẹ́ díẹ̀, kó o wá la ẹnu. Má yára pa á dé."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ń sunkún lọ́hùn-ún, irọ́ ni?"

"Ọdún àkọ́kọ́, òótọ́ ni."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ òsì bo ẹnu. Awọnnà ní kó má máa bo ẹnu.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, Awọnnà na ọwọ́ sí àwòrán tí ọmọ náà ká sí abíyá. "Jẹ́ n bá ẹ mú un dání." Ó gbà á, ó kọjá lọ sídìí tábìlì gígùn, ó jókòó sórí àga tuntun rẹ̀, ó sì tẹ àwòrán náà mọ́lẹ̀ sábẹ́ àga. Àwọn ará ìdí tábìlì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan fi omi síwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Eyínfúnjowó jókòó sórí tìmùtìmù. Ó sọ bí ọkọ̀ ṣe bọ̀. Ó sọ ti ìka, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó dé ibi eyín, ó dákẹ́, àmọ́ kò la ẹnu. Ó yíjú sí tábìlì gígùn, ó rí ọwọ́ Awọnnà lófìfo, ó sì dà bí ẹni tí nǹkan kan yé nígbà náà.

"Ìyàwó ilé wa wá kí mi lọ́sibítù," ló wí. "Ẹni tí mo ní kó kín mi lẹ́yìn. Ó fún mi lómi, ó ń wo ibi tí omi ń gbà jáde. Èmi ni mò ń kú lọ, òun ń wọ̀n mí bí ẹní ń wọn ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bá mi ṣe eyín, ó ní kí wọ́n má ṣe é, nítorí yín. Ó mọ̀ pé ẹnu mi á dùn ún wò báyìí. Òun nìyẹn. Ẹ wò ó."

Ó nàka.

Awọnnà ń dúró kí gbọ̀ngàn náà dà rú, kí ẹnì kan dìde, kí wọ́n ní kó jáde. Ẹkún ló gbọ́. Ẹkún ń bọ̀ láti ìlà iwájú, níbi táwọn olówó jókòó sí. Obìnrin kan ti fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nu ojú tán, ó ń wá òmíràn. Kò sẹ́ni tó tẹ fóònù. Wọ́n ń wo Awọnnà bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó wà nínú ìtàn ni.

Alága tẹ̀ sí i létí. "Ẹ ṣeun o. Ibi ti ìyàwó ilé yẹn, èmi gan-an ò lè mú un mọ́ra. Ṣé ẹ̀yin lẹ ronú kàn án?"

Awọnnà mọ̀ pé bí òun bá ní òótọ́ ni, àga tuntun lọ nìyẹn.

"Èmi ni, sà," ló dáhùn.

Ọmọ náà dìde, ó bi wọ́n nínú gbohùngbohùn pé, "Àwòrán mi ńkọ́?" Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ti bo ohùn rẹ̀, àwọn kan sì ti ń dì mọ́ ọn.

Alága fi ìka kan tábìlì. "Kí oúnjẹ tó dé, ká yára dìbò kan. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn kí ọmọbìnrin yìí jẹ́ ẹlẹ́rìí wa títí ọdún márùn-ún, kó nawọ́."

Wọn ò bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́. Láàárín èjìká àwọn tó dì mọ́ ọn, ojú rẹ̀ wà lára Awọnnà nìkan, kò ṣẹ́jú.

Awọnnà ló kọ́kọ́ nawọ́.