Ọjọ́ Tí A Yan Ohùn Màmá Kékeré

Ilé tí wọ́n ń kó ohùn àwọn àgbà orílẹ̀-èdè wa pamọ́ sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Inú téèpù ni wọ́n wà, lórí pẹpẹ, láti ilẹ̀ dé àjà. Èmi ni mò ń nu eruku ara wọn. Bí mo bá nù ún tán, màá gbé e fún ọ̀gá mi kó dà á sínú kọ̀ǹpútà, kó tó bàjẹ́ pátápátá. Ọ̀gá Wáyà là ń pè é, torí kò sígbà tí wáyà kì í wà lọ́rùn rẹ̀. Mo lè bí irú rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá húkọ́ lásán, àyà mi á já.

Ọjọ́ kan ni ó kan téèpù Màmá Kékeré. Àbúrò ìyá mi ni. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ orin ẹyẹ kan sínú ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ti kú tán. Òun náà ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú orin ọ̀hún. Bí téèpù yẹn bá já, orin tán nìyẹn. Àràárọ̀ ló ń bi mí nílé pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ ò tíì rí mi níbẹ̀?"

A rí i. Ṣùgbọ́n ó ti lẹ̀ mọ́ra bí ìgbà tí wọ́n da oyin sí i.

Ọ̀gá Wáyà fọwọ́ kàn án. "Mà, ó di inú ófùn."

"Ófùn wo?"

"A máa yan án ni. Iná díẹ̀ báyìí, títí di ìrọ̀lẹ́. Omi ara rẹ̀ á gbẹ, á wá ṣeé gbọ́."

Mo wò ó lójú, bóyá ó ń fi mí ṣeré. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti téèpù sínú ófùn, ó ní kí n máa ṣọ́ abẹ́rẹ́ tó ń sọ bó ṣe gbóná tó, kó má kọjá ilà pupa. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Háà. Mo jókòó síwájú ófùn. Mi ò jẹun, mi ò lọ tọ̀. Akọ̀wé wa yọjú, ó ní, "Mà, kí lẹ ń yan fún wa?"

Mo ní, "Àbúrò ìyá mi ni."

Ó wò mí títí. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Kékeré ní dandan, òun á tẹ̀ lé mi. Mo kì í nílọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ má sọ̀rọ̀ o. Ẹ má sín. Bó bá dún pẹ́nrẹ́n báyìí, kọ̀ǹpútà á gbà á mọ́ orin."

"Mo ti gbọ́. Ṣé kí n má mí náà?"

Téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo di ojú. Ó dún ṣííì, ohùn ọmọge kan wá jáde: "Ẹyẹ kékeré, ilé rẹ dà?" Àwọn ọ̀rẹ́ gbà á: "Ó wà lókè, ó wà lókè."

"Ó wà lókè!" Màmá Kékeré ló pariwo yẹn.

Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó gé mi jẹ.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Màmá, ẹ ti bà á jẹ́! Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..."

Ọ̀gá Wáyà rẹ́rìn-ín títí wáyà fi já bọ́ lọ́rùn rẹ̀. "Mà, inú wáyà lohùn ń gbà. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ wa rárá. Ẹ kọrin, ẹ jó."

Gbogbo ọdún tí mo ti ń yọ́ rìn kọjá nínú yàrá yẹn!

Téèpù yí dópin, kò já. "Ó ti wọlé," ni Ọ̀gá Wáyà wí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mí kanlẹ̀. Màmá Kékeré ní tiẹ̀ fajú ro.

"Mo sáré jù. Ẹ gbọ́ mi bí ẹni tí ajá ń lé. Mo ti rántí gbogbo ẹ̀ báyìí, màá tún un kọ."

Mo ní, "Màmá, ti àtijọ́ ò ní kúrò níbẹ̀ o. A ó kàn fi tuntun tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni."

"Ẹ fi sílẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé ọmọdé ni mí nígbà yẹn."

Ọ̀gá Wáyà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀. Ó wò mí. "Mà, èyí ń gbọ́ o. Ta ló máa bá wọn gberin?"

Àwọn méjèèjì dojú kọ mí. Mo wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan.

"Ẹyẹ kékeré, ilé rẹ dà?"

"Ó wà lókè," ni mo wí. Ohùn mi ń gbọ̀n bíi ti ewúrẹ́.

"Gbé e sókè, jàre! Àwọn ọmọ ọmọ ẹ á gbọ́ ọ."

Mo gbé e sókè. Nígbà tó yá, mi ò wo gbohùngbohùn mọ́. Ẹnu Màmá Kékeré ni mò ń wò, kí n lè mọ ibi tí màá ti gbà á.