Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì Mú Ìyàwó Ẹ̀ Lọ Wo Ìlú

Kò sẹ́ni tó ń gbé àdúgbò náà tí Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì ò tíì ròyìn ìlú ńlá fún. Ọkọ̀ ojú irin ló bá ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa ti ìdí àga kan bọ́ sí ìdí àga kejì, kó gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ èrò, kó lu ihò sí i, kó dá a padà. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó ẹ̀ ti ń ránṣọ, tó gbé fìlà lé orúnkún, àwọn tó wá gba aṣọ á gbàgbé aṣọ. Á sọ ti agogo ńlá tó wà láàárín ìgboro, á sọ ti ààfin àtijọ́ tó ní òpó funfun, á sọ ti afárá tí èèyàn á dúró lé lórí, tí á máa wo òkun. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kangun sí tiwọn a máa fi orí oníbàárà sílẹ̀ láìfá tán, kó lè wá gbọ́.

Ká má parọ́ o, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀: Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì ò wọ ìlú náà rí. Kò kọjá géètì tésàn, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ kì í pẹ́ lọ́hùn-ún kó tó yí padà, ọ̀gá wọn sì ti kìlọ̀ pé òṣìṣẹ́ tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀, kó wábi gbà lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ a máa sáré jáde, wọn a ra nǹkan, wọn a sì sáré wọlé. Òun ní tiẹ̀, ẹ̀rù ń bà á. Bẹ́ǹṣì abẹ́ àtẹ̀gùn ló máa ń jókòó sí, á jẹun, á sì tòògbé díẹ̀.

Ibo wá ni ìròyìn ti ń wá? Ọ̀dọ̀ èrò ni. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ìyàwó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ ti ìlú ńlá dé, ó ní, "Kí lẹ rí níbẹ̀?" Ojú tì í láti sọ pé bẹ́ǹṣì lòun rí. Ó rántí obìnrin kan tó ń ròyìn agogo ńlá fún ọmọ ẹ̀ nínú ọkọ̀, ló bá sọ ọ́ bí ẹni pé ojú òun ló ṣe. Ìyàwó lanu, kò lè pa á dé. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ìlú ńlá bọ̀, á máa bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin, kí lẹ rí?" Ohun tí wọ́n bá sọ ló ń gbé lọ sílé fún ìyàwó ẹ̀, bí ẹlòmíì ṣe ń gbé búrẹ́dì.

Ìgbà tó wá fẹ̀yìn tì, ọmọ wọn obìnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ó sì gba yàrá fún wọn ní ilé ìtura kékeré kan. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ mú màmá mi lọ wo ìlú yín."

Inú ìyàwó dùn, ó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ. Ọkọ ò rí oorun sùn. Tí obìnrin yìí bá mọ̀, ṣọ́ọ̀bù á mọ̀. Tí ṣọ́ọ̀bù bá sì mọ̀, ó parí, ẹni tí wọ́n ń dìde fún á di ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ìyàwó fi òróró pa á. Ó ní òjò máa rọ̀. Ìyàwó mú agbòjò. Ni wọ́n bá lọ.

Nínú ọkọ̀, ọkùnrin yìí ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Obìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ò tíì dé ìdí àga wọn tó ti na tiwọn síta. Nígbà tí obìnrin náà lù ú tán, Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì wo ihò náà, ó mirí.

"Ihò yìí ti sún mọ́ etí jù."

"Bàbá wọn," ìyàwó ẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, "ṣé ẹ fẹ́ lọ gba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni? Ẹ wo ìta, jàre."

"Mo ti wo ìta yìí títí."

"Ìdúró lẹ fi ń wò ó. Ẹ fi ìjókòó wò ó lónìí."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì di ọba fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó mọ ẹ̀rọ omi tó tutù jù, ó mọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, ó mọ àtẹ̀gùn tó ń mì. "Má tẹ èyí o, ìyàwó mi." Ó ń yan. Wọ́n ń sún mọ́ géètì ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ tésàn rí i, tó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Bàbá Abẹ́-Àtẹ̀gùn! Ṣé ẹ fẹ́ kọjá géètì lónìí ni? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín! Ẹ dúró, kí n pe àwọn ẹgbẹ́ mi wá wò ó!"

Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Ó yíjú wẹ̀yìn. Ìyàwó ẹ̀ dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn, ó ń tún ìborùn ẹ̀ so, ojú ẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fà á lọ́wọ́, wọ́n jáde.

Títì là sọ́tùn-ún, ó là sósì, ó là síwájú, èèyàn sì ń rọ́ gììrì níbi gbogbo.

"Èwo la máa gbà?" ìyàwó bi í.

"Èyí." Ó nawọ́ sí èyí tó sún mọ́ ọn jù.

Wọ́n rìn. Wọ́n yà sápá ọ̀tún, wọ́n tún yà sápá ọ̀tún, wọ́n kọjá ilé ìtajà àti ilé ìwé, wọ́n yà lẹ́ẹ̀kan sí i, tésàn ló tún kò wọ́n lójú.

"Èyí mà jọ tésàn," ìyàwó ní.

"Tésàn wọn kejì ni. Ìlú yìí tóbi, o ò lè mọ̀."

"Mo rí i. Agbálẹ̀ kan náà ni wọ́n gbà sí méjèèjì. Ẹ wò ó, ó ń juwọ́ sí wa."

Òógùn bo Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì. Ó gba ọ̀nà mìíràn, ó ń yára bí ẹni tó mọbi tó ń lọ. Nígbà tó yá, ó rí ilé gíga kan tó ní òpó funfun, ara tù ú. "Ààfin àtijọ́ nìyí! Ṣé o rí i?"

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ́. "Ààfin kẹ̀? Bàbá, ọ́fíìsì owó orí ni. Ṣé ẹ wá san ni?"

"Rárá o! À ń kọjá lọ ni!"

Ìyàwó ẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. "Ó ní láti jẹ́ pé ọba ti kó lọ. Ẹ má banú jẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ wo òkun lórí afárá."

Afárá kan wà níwájú lóòótọ́. Ọkùnrin náà gùn ún pẹ̀lú àdúrà. Wọ́n dé òkè, wọ́n gbára lé irin, wọ́n wolẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kọjá nísàlẹ̀, ó fọn fèrè, ó rú èéfín sí wọn lójú.

"Hẹ̀ẹ́n," ìyàwó ní, ó ń nu ojú, "òkun yín mà mọ fèrè fọn o."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn afárá. Ìyàwó jókòó tì í.

"Ibi tí ẹ jókòó sí yìí ò tọ́ sí yín," ó ní. "Abẹ́ àtẹ̀gùn ni tiyín, kì í ṣe orí ẹ̀."

Ọkọ yíjú sí i. "O gbọ́."

"Ta ni kò gbọ́ nínú tésàn yẹn? Ohùn agbálẹ̀ yẹn!"

Ojú tì í débi pé kò lè wò ó. "Ìwọ náà wò ó. Bí mo bá ti dé báyìí, o ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ń bi mí pé kí ni mo rí. Kí n wá sọ fún ẹ pé mo sùn?"

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tí àwọn tó ń kọjá fi ń wò wọ́n, lẹ́yìn náà ló ní, "Inú bí mi, mi ò ní tàn yín. Mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ, mo máa ń sọ pé ọkọ mi ń jayé kiri, èmi ń rán kọ́là. Mò ń jowú yín, Bàbá wọn. Mò ń jowú bẹ́ǹṣì." Ó wá yíjú sí i. "Kí lẹ máa ń jẹ lábẹ́ ibẹ̀?"

"Oúnjẹ tí o bá dì fún mi ni. Mi ò jẹ tẹlòmíì rí."

Ìyàwó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. "Ẹ dìde. Àwa méjèèjì ò mọbì kan. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

Obìnrin yẹn bèèrè ọ̀nà o! Ó bi awakọ̀, ó bi àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́, ó dá ọkùnrin kan tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ dúró. Wọ́n rí agogo ńlá. Kò tóbi púpọ̀, ó sì ti kú. Wọ́n gun ilé onígíláàsì dé òkè téńté, ọkọ dijú mọ́ ògiri títí ìyàwó fi sọ sí i létí pé òun ń wò ó. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìgbì kan ṣoṣo ló gbé e, Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì figbe ta, ó di ìbàdí aṣọ ìyàwó mú, ojú rírán ẹ̀ sì já fàràrà. Ìyàwó fi báàgì bo ibẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé yàrá wọn, tí wọ́n nasẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, inú ọkùnrin náà dùn gan-an, ó sì sọ ọ́ síta: "Inú mi dùn lónìí, ìyàwó mi." Ìyàwó ní òun mọ̀, kó fún òun láyè nínú ìrọ̀rí.

Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà, ẹ̀rù dé. "Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù."

"Mo máa rò ó."

"Onígbàjámọ̀ yẹn ò ní jẹ́ n gbádùn."

"Mo ní mo máa rò ó. Ẹ ṣì bá mi gbé báàgì mi ná."

Wọn ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù fi kún. Onígbàjámọ̀ ló ṣíwájú, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Ìyá Aránṣọ, ẹ sọ̀rọ̀! Ṣé bí Bàbá ṣe ń sọ ọ́ náà lẹ bá a?"

Ìyàwó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó wo ọkọ ẹ̀.

"Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ," ó ní. "Ẹ ò mọ irú ẹni tẹ́ ẹ ní ládùúgbò. Wọ́n ń lọ níwájú mi bí ẹni ń rìn lágbàlá ara ẹ̀. A ò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí inú Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì dùn, ó ṣáà ti yọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Obìnrin yìí ló fa òun lọ́wọ́ kọjá títì, òun ló ṣe gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó wá kó o fún òun lọ́fẹ̀ẹ́ kí ojú má baà ti òun.

"Irọ́ ni," ó ní.

Wọ́n dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró.

"Irọ́ ni ìyàwó mi ń pa nítorí mi. Mi ò kọjá géètì tésàn yẹn rí, àfi lánàá. Bẹ́ǹṣì ni mo máa ń jókòó sí. Òun ló bèèrè ọ̀nà, òun ló mú mi débi gbogbo. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi mì, mo ké bí ọmọdé, mo sì fa aṣọ ẹ̀ ya."

Onígbàjámọ̀ wò ó, ó wo ìyàwó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì! Ẹ ò ní pa wá! Ẹni tó mọ ìlú bí ẹní mowó ló ní òun ò kọjá géètì! Ẹ wò ó bó ṣe mójú le!"

"Òótọ́ ni mò ń sọ!"

Bó ṣe ń pariwo tó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó. Ẹnì kan ti wó lé òkìtì aṣọ tí wọn ò tíì rán. Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì yíjú sí ìyàwó ẹ̀. "Sọ fún wọn! Ìwọ náà sọ fún wọn!"

"Ẹ má dá wọn lóhùn," ìyàwó sọ fún àwọn èèyàn, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú ẹ̀. "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣàwàdà nìyẹn." Ó fa aṣọ ìrìn àjò ẹ̀ jáde nínú báàgì, ó tẹ́ ìbàdí ẹ̀ tó já sábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ lójú gbogbo wọn, ó sì ń rán an lọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ya á.