Ìràwọ̀ Méjì Tí Kò Sí Èyí Tó Jókòó

Ara Arìnká ò lélẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé ife tíì, ó tún gbé e sílẹ̀ láìmu. Ó nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Arìnká láti kékeré, torí ọmọ tó máa ń jẹun lórí ìrìn ni, àmọ́ tòní yìí ti kọjá ìrìn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Fọ́ọ̀mù kan tó wà nínú báàgì rẹ̀ ló ń lé e kiri. Ilé ìwòràwọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìntì. Aago méjì ọ̀sán òní ni wọ́n fẹ́ yẹ́ bàbá sí nínú gbọ̀ngàn, nítorí ìràwọ̀ méjì kan tó ṣírò ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ fẹ́ kí Arìnká fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà kí aago méjì tó lù, pé òun ti fi ẹ̀rọ tuntun tún ìràwọ̀ náà wọ̀n, iṣẹ́ bàbá òun sì péye. Bó bá ti lè fọwọ́ sí i, iye tí bàbá kọ á wọ ìwé tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ á máa lò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò péye.

Ẹ jẹ́ n là á yé yín, kò le. Ojú lásán á rí ìràwọ̀ náà bí ẹyọ kan, àmọ́ méjì ni wọ́n, wọ́n ń yí ara wọn ká. Bí ọ̀kan bá kọjá níwájú èkejì, ìmọ́lẹ̀ wọn á ṣú. Gbogbo ọjọ́ méjì àbọ̀ ló ń ṣú. Bàbá wá sọ pé ọ̀kan jẹ́ ràgàjì tó ń tàn yòò, tó jókòó sójú kan, pé èkejì jẹ́ kékeré dúdú tó ń sáré yí i ká ní ọjọ́ méjì àbọ̀. Ó tilẹ̀ sọ wọ́n lórúkọ, Ọ̀gá àti Ọmọ Ọ̀dọ̀. Orúkọ náà dùn lẹ́nu, gbogbo ayé gbà á. Kò sẹ́ni tó tún un wọ̀n. Ta ló fẹ́ máa yẹ iṣẹ́ àgbà wò?

Ẹ̀rọ tuntun ò mọ àgbà. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló máa ń tú palẹ̀. Ìràwọ̀ tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á fà sí búlúù; èyí tó bá ń lọ, tiẹ̀ á fà sí pupa. Lánàá, Arìnká rí i pé bí ọ̀kan ṣe ń bọ̀ ni èkejì ń lọ, eré kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń sá. Kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà, ojú òfìfo kan láàárín wọn ni wọ́n jọ ń yí ká, kò sì sí èyí tó jókòó nínú wọn. Ọ̀kan á bo èkejì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì àbọ̀, èkejì náà á bo ọ̀kan. Ọjọ́ márùn-ún ni ìyípo kan. Ìdajì ni bàbá kà. Bí iye ọjọ́ bá sì ti yí, ìwọ̀n ìràwọ̀ náà yí nìyẹn, gbogbo ìṣirò dojú dé.

Ìyá, tiṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì, ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì bàbá lọ́wọ́ nígbà tí Arìnká sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Kò yà á lẹ́nu rárá, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba Arìnká.

"Mo bi í nígbà yẹn," ìyá ní. "Oyún ẹ wà nínú mi, èmi ni mò ń bá a ka àwọn àwòrán ìràwọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan. Mo ní, 'Ẹ wò ó, ó ṣú lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣú, àmọ́ ọ̀kan jinlẹ̀ ju ìkejì lọ díẹ̀. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì kọ́ ló ń ṣú nínú ìyípo kan?' Ó ní kùrukùru ló fà á. Ó ní kí n lọ sinmi, pé oyún ló ń dà mí láàmú." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni oyún ọ̀hún o. Ìwọ náà lo wá jẹ́rìí."

"Màámi, kí ni kí n ṣe báyìí?"

"Lọ sọ fún un. Bàbá ẹ ni, kì í ṣe ẹkùn."

Bàbá ń so táì níwájú dígí, ó ń súfèé. Arìnká jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó dìde, ó tún jókòó, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ jáde. Súfèé dáwọ́ dúró.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," bàbá ní. "Ẹ̀rọ lo ní. Èmi fi ojú ara mi wò ó."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọ̀n ọ́n, bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin." Ó kọjú sí fèrèsé. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Arìnká, mo ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Fọwọ́ sí i, jẹ́ kí òní kọjá. A ó wò ó tó bá dọ̀la."

"Tó bá fi máa dọ̀la, ó ti wọ ìwé."

Bàbá padà sídìí táì rẹ̀. Inú bí Arìnká, àánú bàbá sì ṣe é, kò sì mọ èyí tí ì bá tẹ̀ lé nínú méjèèjì.

Ní gbọ̀ngàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá wá béèrè fọ́ọ̀mù. Arìnká ní ó ń bọ̀. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọlé, ó tún jáde. Ó ṣí bírò, ó dé e. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Èyí ti fi ọdún mọ́kànlá lé ní ogún, òtítọ́ ò sì tíì gbéra. Bó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, òun ni yóò ba ọjọ́ bàbá rẹ̀ jẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Bó bá fọwọ́ sí i, irọ́ náà á jogún orúkọ tirẹ̀.

Aago méjì lù, kò tíì fọwọ́ sí i. Bàbá sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé orí ọjọ́ méjì àbọ̀, ó sáré kọjá níbẹ̀ bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ní ta ló ní ìbéèrè. Ọwọ́ Arìnká ti ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kó tó rí i pé ẹnì kan ti dìde lórí ìlà iwájú. Ìyá rẹ̀ ni.

"Ìbéèrè kékeré ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ìyá ní. Kò pe ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Ìràwọ̀ yẹn máa ń ṣú, á tún ṣú. Ṣé ọgbọọgba ni ṣíṣú méjèèjì?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré tọkọtaya ni. Bàbá di tábìlì mú. Ìyá ò jókòó. Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀.

"Wọn ò dọ́gba," bàbá ní. "Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ márùn-ún ni ìyípo wọn, kì í ṣe méjì àbọ̀."

Ọ̀gá sún mọ́ ọn, ó fẹ́ sọ nǹkan sí i létí. Bàbá ò tiẹ̀ wo ibi tó wà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń wò.

"Ìwọ lo rí i, Ìyá Arìnká. O fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tèmi. Èmi ni mo pa á rẹ́."