Ta Ló Di Mọ́tò Alájì?

“Wò ó o! Wò ó dáadáa!” Ìyá Àgbà na ìka sí ojú Sàrátù, ìyàwó kékeré tí ọmọ rẹ̀ fẹ́. “Ohun tí o fi ẹnu rẹ ṣe nìyẹn. Yá, fi ẹnu náà tú u.”

Alájì Ràsáàkì, ọkọ Sàrátù, tún yí kọ́kọ́rọ́. Sítátà pariwo, Píjò àtijọ́ náà mì tìtì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò jí. Ó di ọjọ́ kẹta. Áfà ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Omi hàǹtú tí wọ́n wọ́n sí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbẹ, eruku ọyẹ́ sì ti lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ bí àtíkè.

Sàrátù dúró lẹ́bàá ògiri, ó pọn Múnírà ọmọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì ni ìròyìn ti dé láti Ìsẹ́yìn pé bàbá rẹ̀ ṣubú nídìí òfì, apá kan ara rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Sàrátù kúnlẹ̀, ó tọrọ àyè. Alájì ní ibà ń ṣe òun, ta ni yóò máa se ohun tí òun ó jẹ? Inú bí Sàrátù, ó ní, “Ó dáa. Bí n kò bá rìn, kí ẹnikẹ́ni má rìn nílé yìí.” Ìyá Àgbà gbọ́ ọ láti inú yàrá. Nígbà tó di ọ̀sán Jímọ̀, Alájì wọ aṣọ mọ́ṣáláṣí, ó bọ́ sínú mọ́tò, mọ́tò kọ̀.

Láti ìgbà náà, wọn kò pe Sàrátù lórúkọ mọ́ nínú agbo ilé. Àjẹ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní kó má se oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀. Lónìí, wọ́n ní kó jẹ́wọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á dá a padà fún ẹbí rẹ̀. Ìsẹ́yìn tó ń wù ú láti lọ náà ni, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú orúkọ yẹn. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í tán lára èèyàn. Yóò tẹ̀ lé Múnírà dé ilé ọkọ.

“Ṣé ẹ ti pe mẹkáníìkì?” Sàrátù béèrè.

“Mẹkáníìkì ṣe kí ni?” Alájì dáhùn láti inú mọ́tò. “Mọ́tò tó gbé mi dé láti Ìgbòho ní Àlàrùbá, tí kò dún pín-ín lọ́nà?”

“Èmi ó lọ pè é wá.”

Kò dúró gbọ́ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e. Ó rin oòrùn náà dé ọ̀dọ̀ Ìyápọ̀, àgbà mẹkáníìkì tí gbogbo Ṣakí ń pè ní Fítà. Ìyápọ̀ ló ń tọ́jú Píjò náà láti ọdún 1966, tí Alájì ti rà á lọ́wọ́ òyìnbó tó ń la ọ̀nà. Nígbà tí Sàrátù ròyìn tán, bàbá náà pòṣé, ó sì kó irinṣẹ́ sínú àpò.

Bí wọ́n ti dé ilé Alájì, kò kí ẹnikẹ́ni pẹ́. “Ẹ tan iná iwájú.” Iná tàn. “Ẹ fun fèrè.” Fèrè dún, àwọn adìẹ fò. “Kò sóhun tó ṣe bátìrì.” Ó tú ọ̀pá tó ń gbé epo wọ kábúrétọ̀, ó ní kí Alájì yí kọ́kọ́rọ́, epo sì tú sí i lọ́wọ́. “Epo ń wá.” Ó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kan, ó fi àkísà gbígbẹ dì í mú, ó gbé ẹnu wáyà náà sún mọ́ irin. “Ẹ yí i.” Kò sí iná tó ta.

“Iná kò dé ibí,” ó ní. “Mọ́tò tí iná kò dé púlọ́ọ̀gì rẹ̀, bí ẹ fi omi sámúsámù wẹ̀ ẹ́, kò ní jí.”

Ó ṣí ọmọrí ibi tí iná ti ń pín. Ó wo inú rẹ̀ títí.

“Ròtọ̀ kò sí níbí. Ohun dúdú kékeré kan ni, kò ju àtàǹpàkò lọ, òun ló ń pín iná kiri. Kì í já bọ́. Ẹnìkan ló yọ ọ́.”

“Mo sọ bí?” Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. “Ó ti yọ ọ́! Sàrátù, ta lo gbé e fún?”

Sàrátù bọ́ síwájú. “Ní àárọ̀, ẹnu ni mo fi ṣe é. Ní báyìí, ọwọ́ ni. Ìyá, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀! Èmi tí wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́tò yìí rí, níbo ni mo ti mọ ohun tó wà lábẹ́ ọmọrí?”

Ìyápọ̀ ń nu ọwọ́. “Alájì, nígbà tí àwọn olè ń gbé mọ́tò kiri lọ́dún tó kọjá, kí ni mo kọ́ yín?”

Alájì wo ilẹ̀.

“Bí wọ́n ti í yọ ọ́ lálẹ́ kí olè má baà lè gbé mọ́tò lọ. Ẹ̀yin nìkan ni mo kọ́ nínú ilé yìí.”

“Ní Àlàrùbá...” Alájì họ orí. “Wọ́n ní wọ́n jí mọ́tò kan gbé ní Ìgbòho. Ibà sì ti mú mi nígbà tí mo dé...” Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ó pa ọwọ́ dé, ó sì ti nǹkan náà sọ́wọ́ Ìyápọ̀ bí ẹni ń fún un ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìyápọ̀ fi í síbi tó yẹ. Kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì bú.

“Àlùhámúdù lílàhi!” Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Àdúrà áfà ti gbà! Ọlọ́run ti já ìdè ẹlẹ́nu ibi!”

“Àmín!” ni gbogbo agbo ilé wí.

Alájì jókòó sínú mọ́tò, ó ń tẹ iná mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tí ojú Sàrátù rí láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rín yẹn ló dùn ún jù.

Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó pa mọ́tò, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́.

“Ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí i fún wọn.”

“Ìyá Múnírà, ó tó. Mọ́tò ti jí, kí la tún ń wá?”

“Èmi la ń wá. Láti ọjọ́ Jímọ̀ lẹ ti sọ mí nù láàárín àwọn èèyàn yìí.”

“Ṣé ojú gbogbo ayé lo ti fẹ́ máa bá mi jà?”

“Ojú wọn ni wọ́n ti pè mí ní àjẹ́.”

Alájì wo Ìyápọ̀. Ìyápọ̀ ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ tán, àmọ́ kò lọ.

“Inú àpò ṣòkòtò mi ni,” Alájì sọ ọ́ lábẹ́nu.

“Ìyá yín kò gbọ́.”

“Inú àpò ṣòkòtò mi ló wà! Èmi ni mo yọ ọ́. Mo gbàgbé.”

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò ṣe àmín. “Ta ni kì í gbàgbé?” ni Ìyá Àgbà wí, ó ká ìró rẹ̀, ó wọlé lọ. Àwọn tó kù rántí pé àwọn ní iṣẹ́ láti ṣe.

Alájì sọ̀kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ó yá, lọ múra. Èmi fúnra mi ni n ó gbé ọ dé Ìsẹ́yìn. Bàbá rẹ, bàbá mi náà ni.”

Sàrátù fi kọ́kọ́rọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. “Ẹ ṣeun. Bọ́ọ̀sì wà ní gáréèjì.”

“Kí ni àwọn àna mi yóò wí bí wọ́n bá rí ọ nínú bọ́ọ̀sì?”

“Wọ́n á béèrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni n ó sọ.”

Ní gáréèjì, ẹ̀gbẹ́ obìnrin kan tó gbé gàrí dání ló jókòó sí. Obìnrin náà fi ìka ṣeré lẹ́rẹ̀kẹ́ Múnírà, ó sì béèrè ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ yóò padà sí Ṣakí.

Sàrátù tú ọ̀já, ó gbé ọmọ rẹ̀ sí iwájú, ó fi ọmú sí i lẹ́nu.

“N kò tíì dá ọjọ́,” ó wí.