Ẹni Tí Ẹ̀mú Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń gbé iná jáde ni, Horacio Zabaleta nìkan ì bá tan iná fún gbogbo ìpínlẹ̀ Córdoba ní Argentina, à bá sì ti ti ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó wà létí adágún wa yìí pa. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, á sì rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ń ṣẹlẹ̀, kò tíì sí ẹ̀rín níbẹ̀ rárá.

Ẹnjinníà ni. Ó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, irun iwájú orí rẹ̀ sì ti ń fà sẹ́yìn bí omi adágún lásìkò ọ̀dá. Igbákejì olórí ṣífúùtì ni, ó ti pẹ́ nípò náà débi pé àga rẹ̀ ti mọ ìdí rẹ̀. Ìgbà tí olórí ṣífúùtì fẹ́ fẹ̀yìn tì ni Horacio bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wọn àga olórí náà. Ṣùgbọ́n a kì í fi irú ipò bẹ́ẹ̀ tọrẹ níbí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti kọ́kọ́ lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aṣáájú, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn tó wà láàárín méjì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tí wọn kì í ṣe ọmọ tuntun mọ́, tí wọn ò sì tíì di ọ̀gá. Níparí rẹ̀, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ á wọ yàrá ìdánrawò, tí wọ́n kọ́ bí yàrá ìdarí gan-an gan-an. Ìjàǹbá inú yàrá náà kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n òógùn tí èèyàn ń là níbẹ̀, òótọ́ ni. Bí Horacio bá yege, ó di olórí. Bí kò bá yege, wọ́n á gbé ẹlòmíì wá láti ibòmíì, Horacio á sì máa pe onítọ̀hún ní ọ̀gá títí tí òun náà yóò fi fẹ̀yìn tì.

Ofelia Iturralde ló ń kọ́ wọn. Olórí ṣífúùtì ni obìnrin náà tẹ́lẹ̀ kó tó di olùkọ́. Ó kúrú, ó sì máa ń ná ọ̀rọ̀ bí ahun ṣe ń náwó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bi wọ́n pé kí ni iṣẹ́ aṣáájú. Àwọn yòókù dáhùn ní gbólóhùn kan, gbólóhùn méjì. Nígbà tó kan Horacio, ó dìde dúró. Ó ní iṣẹ́ aṣáájú ni kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Ó ṣàlàyé gbígbọ́ láti òkè délẹ̀, ó gbá a lójú, ó gbá a nímú, títí igbá mate, tíì ewé tí gbogbo wa jọ ń mu nínú igbá kan, tó yẹ kó máa lọ yíká fi dúró sọ́wọ́ rẹ̀, tí tíì inú rẹ̀ sì tutù.

Ofelia wò ó. "O ṣeun, Zabaleta. O mọ ọ̀rọ̀ gbígbọ́ dáadáa. Bá wa gbé igbá yẹn kọjá, òùngbẹ ń gbẹ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Horacio náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìyìn ni.

Iṣẹ́ tí Ofelia gbé fún wọn lọ sílé ni pé kí kálukú lọ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ léèrè àbùkù ara rẹ̀. Horacio pe àwọn méjì tó sún mọ́ ọn jù. Nilda Ferreyra ló ń tọ́jú rìákítọ̀, ẹ̀rọ tí iná átọ́míìkì ti ń jáde, nínú yàrá ìdarí, ojú rẹ̀ mú bíi ti àṣá. Wálter Gauna ló ń mójú tó àwọn pọ́ọ̀ǹpù, ọkùnrin tó sanra tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi o," Horacio ní. "Ẹ mọ̀ mí, mi kì í bínú. Ilẹ̀kùn mi kì í tì."

Nilda wo Wálter, Wálter wo òrùlé.

"Ọ̀gá, àbùkù yín kan ṣoṣo ni pé ẹ ń ṣiṣẹ́ jù," Wálter ní.

"Òun náà ni mo fẹ́ sọ," Nilda ní.

Inú Horacio dùn dọ́ba. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ofelia, ó ní òun ti ṣèwádìí, ó sì dun òun gan-an pé òun ò rí àbùkù kankan mú bọ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn tí ọjọ́ Sunday tó ṣáájú ìdánwò fi dé. Horacio pe Nilda, Wálter àti Ofelia wá jẹ ẹran sísun nílé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ẹran sísun lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ẹ̀mú bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí iná, ọba ni. Ẹ lè bú olórí orílẹ̀-èdè, ẹ lè sọ fún àlùfáà pé ìwàásù rẹ̀ gùn jù, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún asunran pé kó yí ẹran padà. Iṣẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún un níkẹyìn. Bàbá mi sun ẹran jóná fún odidi ogójì ọdún, àtẹ́wọ́ la fi sin ín.

Horacio kó eegun ìhà màlúù sórí iná, ó bu iyọ̀ oníkóró, ó wọ́n ọn. Ó wá rántí ohun kan nípa aṣáájú. Ó kọjú sí wọn, ó na ẹ̀mú sókè, ó sọ ọ́. Nígbà tó padà yíjú sí ẹran, ó bu iyọ̀, ó wọ́n ọn. Ọ̀rọ̀ ìgboyà tún sọ sí i lọ́kàn, pé ọmọ iṣẹ́ tó bá rí àṣìṣe ọ̀gá tí kò sọ, ọ̀tá ilé iṣẹ́ ni. Ó sọ ìyẹn náà, ó sọ ọ́ dáadáa, kódà Wálter mi orí. Ó yíjú padà, ó tún bu iyọ̀.

Mirta ìyàwó rẹ̀ gbé sàláàdì jáde lásìkò náà. Ó rí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ nínú iyọ̀, ó rí ojú àwọn àlejò, ó gbé sàláàdì kalẹ̀, ó sì padà wọlé lọ pọn omi sí i.

Wọ́n jẹ ẹran náà. Ojú Nilda pọ́n. Wálter ń fi búrẹ́dì tì í, ó ń fi omi lé e, ó ń sọ pé, "Ẹran rèé o, ọ̀gá! Ẹran tó mọ ohun tó ń ṣe!" Ofelia jẹ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tó àkókò, Wálter dìde, ó ké pé, "Àtẹ́wọ́ fún asunran!" Gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́ gidi.

Ẹ sì mọ̀ pé asunran ló máa ń jẹun kẹ́yìn. Horacio tẹrí ba fún àtẹ́wọ́, ó jókòó, ó gé ẹran sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Òkun ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló fi iyọ̀ sí i báyìí?" ó bi wọ́n, bí òmùgọ̀.

Wálter tún gbé ife omi sẹ́nu.

"Ẹ rí mi, àbí ẹ ò rí mi?"

Wálter gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ọmọ iléèwé. Nilda gbé tirẹ̀. Mirta gbé tirẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Horacio yíjú sí Ofelia, ọwọ́ tiẹ̀ náà ti wà lókè.

"Ẹ̀yin náà, ìyá wa?"

"Àlejò ni mí," Ofelia ní. "Ẹ̀mú sì wà lọ́wọ́ rẹ."

"Mirta! O máa ń sọ fún mi pé ṣòkòtò mi ti ya, o ò lè sọ ti iyọ̀?"

"Ṣé kí n dá ọ dúró nígbà tí o ń sọ̀rọ̀ ìgboyà lọ́wọ́?" Mirta ní. "Ó ń dùn mọ́ ọ, ọkọ mi. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tiẹ̀ kò kọjá eyín. Nígbà tó ń sin àwọn àlejò dé ẹnu ọ̀nà, ó fa Nilda sẹ́yìn.

"Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé o ti rí mi tí mo ń wọ́n iyọ̀ lẹ́ẹ̀kejì níbẹ̀ rí?"

Nilda tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ kú ìnáwó o."

Ẹ̀rù ba Horacio. Ẹran tó níyọ̀ jù, omi la fi ń lé e; rìákítọ̀ kì í ṣe eegun ìhà màlúù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka gbogbo ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, ojú ara rẹ̀ sì tì í. Ó ń pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n, àṣé àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń mu omi lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Nígbà tí wọ́n wọ yàrá ìdánrawò, ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ sílẹ̀ pọ̀. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Ẹni tó bá rí iyọ̀ lónìí, kó pariwo," ó sì jókòó.

Ofelia wà lẹ́yìn gíláàsì, ó ń rán wàhálà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Pọ́ọ̀ǹpù kan ń gbọ̀n. Horacio pàṣẹ fún Wálter pé kó dá a dúró. Wálter tún àṣẹ náà kà padà gẹ́gẹ́ bí òfin wa, Horacio ní bẹ́ẹ̀ ni, Wálter dá a dúró. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀ láìka àṣẹ padà fún ẹni tó pa á. Nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Horacio tilẹ̀ ti ń rí ara rẹ̀ lórí àga olórí.

"Ọ̀gá," Nilda ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Iyọ̀."

"Níbo?"

"Omi tó ń tu rìákítọ̀ lára. Géèjì yìí ní ó ń lọ sílẹ̀."

Horacio wo géèjì náà. Lóòótọ́, ó ń lọ sílẹ̀. Ó wo àwọn géèjì yòókù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn ò mira. Gbogbo ìwé tó ti kà ń sọ fún un pé géèjì ló bàjẹ́, pé nǹkan kan ò ṣe omi. Nílé iṣẹ́ gan-an, bó bá pa rìákítọ̀ lásán, kí wọ́n tó lè tún un tan á gba ọjọ́ bíi méjì, orúkọ ẹni tó pa á á sì wà lẹ́nu gbogbo ayé. Ó ti lanu láti ṣàlàyé fún Nilda. Ó mọ àlàyé náà, ó dára, ó gùn.

Ó wo ojú obìnrin náà. Ojú tó fi jẹ ẹran lọ́jọ́ Sunday ti wà níbẹ̀, ó ti ń múra láti sọ pé kò sí nǹkan kan.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kò dá mi lójú, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀."

"Nilda, pa rìákítọ̀."

"Kí n pa rìákítọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó pa á. Gbogbo iná pupa tàn, agogo ń dún, lẹ́yìn náà ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ofelia jáde láti ẹ̀yìn gíláàsì.

"Omi kò lọ síbì kankan," ó ní. "Géèjì ló bàjẹ́. Rìákítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ pa."

Nilda bo ojú. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èmi ni mo fà á. Mo ti bà á jẹ́ fún yín."

Inú Horacio bà jẹ́ wàyí. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn ún bí ìgbà tí wọ́n yọ eyín rẹ̀; àga tó ti ń rí ti fò lọ. Òun ló tọ̀nà, ó mọ̀ pé òun tọ̀nà, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ tì í nù.

"Zabaleta," Ofelia ní, "bó bá tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́la, kí lo máa ṣe?"

Gbogbo wa tá a mọ̀ ọ́n la mọ̀ pé ìbéèrè yẹn tó ọ̀rọ̀ wákàtí kan fún un. Ó wo Nilda tó ń nu ojú.

"Mà á pa á," ó ní. Ó tán.

Wálter ò lè mú un mọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àfi bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí Horacio lára.

"Dákẹ́! Àtẹ́wọ́ yẹn náà lẹ pa fún ẹran tó fẹ́ pa yín! Sọ ibi tí mo ti kù díẹ̀ káàtó fún mi."

Wálter wo òrùlé. Horacio dúró. Kò rọrùn fún un o. Ètè rẹ̀ ń jó. Ó ṣáà dúró.

"Ọ̀gá," Wálter ní níkẹyìn, kò sì rẹ́rìn-ín, "bí Nilda bá ń wo géèjì, ẹ máa ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Kì í gbọ́ èrò ara rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó fẹ́ sọ ọ́."

Ó wọ Horacio lára. Ó yíjú sí Nilda, ó rí i pé òótọ́ ni, ó mi orí. "Mo gbọ́. Kí n má sọ̀rọ̀ sí i létí tó bá ń wo géèjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," Nilda ní.

Ofelia gbé igbá mate lórí tábìlì, ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní èèyàn lè ra géèjì tuntun, ṣùgbọ́n ẹnu tó ń sọ òótọ́ fún ọ̀gá kò sí lọ́jà. Ó ní ipò náà ti di ti Horacio, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ní gbogbo ìpàdé ṣífúùtì. Horacio máa ń sọ pé òun ì bá fara mọ́ kí wọ́n gé owó oṣù òun.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún kóra jọ sí àgbàlá rẹ̀ láti bá a yọ̀. Ẹ̀mú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú sí wọn, ó ti ń sọ ìtàn bí òun ṣe di ẹni tó ń dákẹ́.

"Horacio," Mirta ní, "ẹran yẹn ń jóná."

Búrẹ́dì dúró sẹ́nu Wálter. Horacio la ẹnu láti sọ ohun tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ máa ń sọ fún ẹni tó bá dá sí ọ̀rọ̀ iná. Ó pa á dé. Ó yíjú padà, ó rí i pé òótọ́ ni, ó yí ẹran náà sí ìhà kejì.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n eegun nìkan ló ṣẹ́kù sínú àwo, kò sì sẹ́ni tó béèrè omi.