Ẹsẹ̀ Mi Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Ọmọ mi fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èmi ni mo dá ìjà sílẹ̀. Signe, àkọ́bí mi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe, ó sì ti ń ṣe é fún mi tọ̀sán-tòru láti ìgbà tí mo ti já lulẹ̀ látorí kẹ̀kẹ́ lọ́dún tó kọjá tí egungun èjìká mi sì kán. Èjìká ti jinná o. Mo lè gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó kún dẹ́nu. Àmọ́ tí mo bá ti gbá orí kẹ̀kẹ́ mú báyìí, ojú Signe á kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì la dé ilé onígi tí a máa ń háyà lẹ́bàá adágún ní Crosby: èmi, Signe, Toua ọkọ rẹ̀, àti Maisee ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún mọ́kànlá. A ti jẹ ọbẹ̀ ìrẹsì igbó yó, kéèkì búlúbẹ́rì mi sì ku ẹyọ kan nínú páànù. Lọ́dọ̀ wa ní Minnesota, ẹnìkan kì í mú èyí tó kù gbẹ̀yìn. Á gé e sí méjì, á mú ìdajì, ẹlòmíràn á tún gé ìyókù sí méjì, títí yóò fi ku èyí tí èèrà kan lè dá gbé. Mo ti na ọ̀bẹ sí i láti gé ìdajì tèmi nígbà tí Signe la ẹnu.

"Mọ́mì, mo ti ń rò ó. Tá a bá ń lọ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jẹ́ kí n gbé kẹ̀kẹ́ yín sẹ́yìn mọ́tò mi. Màá bá yín tọ́jú ẹ̀."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Mọ́mì."

"Ṣé ibà ń ṣe é ni?"

Ẹ̀rín pa Toua, ìyókù ọbẹ̀ tó ń lá sì gba ọ̀nà òdì lọ́fun rẹ̀. Signe wò ó, Toua bá tètè wá nǹkan ṣe pẹ̀lú ṣíbí rẹ̀.

"Ẹ ti pé àádọ́rin ọdún," Signe ní. "Ọ̀nà ọ̀dà kan wà tó tẹ́jú dáadáa létí adágún. Àwọn àgbàlagbà ló ń rìn níbẹ̀, ó tiẹ̀ ní bẹ́ǹṣì."

Bẹ́ǹṣì. Inú bí mi débi pé mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní kó dẹtí kó gbọ́ mi. Lọ́la, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ inú igbó tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà búlúù ni mo máa bá wọn gùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé afárá onígi tó wà lópin rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi bá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kó gbé kẹ̀kẹ́ lọ. Bí kò bá kàn án, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ láyé mi.

"Mo gbà," Signe ní, láìrò ó rárá.

Láti kékeré Signe la ti ń ta tẹ́tẹ́ ẹsẹ̀ yìí nílé wa. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀ ló máa fọ abọ́ lálẹ́. Abọ́ ṣá ni o. Kò sẹ́ni tó fi odindi kẹ̀kẹ́ ta á rí, àfi èmi tí ẹnu mi kì í dúró. Mo gé ìdajì kéèkì mi, mo jẹ ẹ́, kò sì dùn lẹ́nu mi.

Nígbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, òjò ti rọ̀ díẹ̀, ó sì ti dá. Irin ni wọ́n ń wà nílẹ̀ yẹn láyé àwọn bàbá wa, ìdí nìyẹn tí erùpẹ̀ ibẹ̀ fi pupa tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ aṣọ funfun débẹ̀, ẹ ò ní wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àwọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yí kòtò irin wọ̀nyẹn ká bí okùn tí ológbò tú, wọ́n sì kun pátákó oríta kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ ewé fún ọmọdé, búlúù fún ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, dúdú fún ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Toua ló ṣíwájú, Maisee tẹ̀ lé e, èmi tẹ̀ lé Maisee. Signe wà lẹ́yìn mi gbágbágbá, ó ń wo bàtà mi bí ọlọ́pàá.

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́. Ìgbà tá a já sí ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbé ìdí sẹ́yìn, mo tú bíréèkì sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì gbé mi lọ fìrì. Igi ń sá kọjá lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀nà yí sọ́tùn-ún, mo yí, ó yí sósì, mo yí, ó ga sókè bí ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀, mo fò ó, ikùn mi sì kù sókè lẹ́yìn mi. Mo ń pariwo. Mi ò mọ ohun tí mo ń sọ, mo kàn ń pariwo ni, kòkòrò kan sì wọ ẹnu mi, mo gbé e mì, mo tún ń pariwo lọ.

"Màmá Àgbà, ṣé kò sí nǹkan?" Maisee béèrè látiwájú.

"Kòkòrò kan wà tẹ́lẹ̀, mo ti jẹ ẹ́!"

Mo gbọ́ tí Signe rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ó yára fi ikọ́ bò ó.

Oríta ńlá kan ló fẹ́ ba tẹ́tẹ́ mi jẹ́. Ọ̀nà mẹ́rin ló pàdé níbẹ̀, àwa sì dé ọ̀kan nígbà tí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó dé akoto pupa-rúsúrúsú ń gba òmíràn bọ̀, tí obìnrin méjì sì ń ti ẹ̀gbẹ́ kẹta yọ. Gbogbo wọn dúró. Ẹni tó bá mọ àwa ará Minnesota á mọ̀ pé wàhálà ti dé.

"Ẹ máa lọ," onírùngbọ̀n sọ fún àwọn obìnrin náà.

"Rárá o, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé."

"A ò kánjú."

"Àwa náà ò kánjú. Ẹ jọ̀ọ́."

Onírùngbọ̀n sì dúró gbọnrangandan sójú ọ̀nà mi. Mo dìde dúró lórí pẹ́dà, mo fún bíréèkì méjèèjì, kẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n lábẹ́ mi, itan mi náà ń gbọ̀n. Ọkùnrin yẹn wá rí mi.

"Háà, ìyá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọjá."

"Ọ̀gá, ẹ dúró sójú ọ̀nà mi."

Ó wolẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni. Ẹlòmíràn á kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun, ẹ̀bẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó yẹ kóun ti rí i, ó ní ìyàwó òun máa ń sọ ọ́ fóun. Kẹ̀kẹ́ mi fì sí ọ̀tún, ó fì sí òsì, ó sì ń wó lọ tààrà, mo bá na apá, mo gbá igi aláwọ̀ funfun kan mọ́ra bí ẹni tó rí ọkọ rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú.

"Ẹ ti di nǹkan mú," Signe ní.

"Igi nìyí. Ṣé igi ni ilẹ̀?"

"Inú ilẹ̀ ló ti hù."

"Ẹsẹ̀ la sọ," Toua dá sí i. "A ò ní ká má gbá igi mọ́ra."

"Ta ló bi ẹ́?"

"Màá kúkú dákẹ́," Toua ní, ó sì ṣẹ́jú sí mi.

Onírùngbọ̀n wá sún kúrò nígbẹ̀yìn. Ó ní Arvid lorúkọ òun, ó tún bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì ti ara mi kúrò lára igi, mo kọjá.

Òkè tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Bí mo ṣe dé orí rẹ̀ ni mo rí afárá onígi nísàlẹ̀, ìyẹn òpin ọ̀nà búlúù. Ó ku kí n sọ̀kalẹ̀ kí n sì kọjá, kẹ̀kẹ́ mi á sì di tèmi padà. Signe gba ẹ̀gbẹ́ mi ṣíwájú. Ó ní nísàlẹ̀ lòun ti máa dúró, kóun lè fi ojú ara òun rí ẹsẹ̀ mi.

Ta ló tún ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ bí kò ṣe Arvid. Ẹni tó ń gòkè la máa ń yà fún, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Signe yà sí òsì rẹ̀ fún un. Àmọ́ obìnrin ni Arvid rí, ó ti hùwà àìdáa kan lóríta tẹ́lẹ̀, òun náà bá yà, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni. Wọ́n jọ rí i. Wọ́n jọ yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n sì jọ wọ inú ẹrọ̀fọ̀ pupa lẹ́bàá afárá, gbàgà.

Taya kan ń yí lófìfo. Signe nà sílẹ̀, kò mira.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rò ó. Mo ju kẹ̀kẹ́ sígbó, mo fi ẹsẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀, mo wọ ẹrọ̀fọ̀ náà dé agbedeméjì ojúgun.

"Signe. Signe, dá mi lóhùn."

Kò sọ nǹkan kan. Mo di orí rẹ̀ mú.

Ó wá la ojú nínú ẹrẹ̀ pupa yẹn, ó mí sínú, ó sì sọ̀rọ̀, kì í ṣe sí mi. "Ẹ má bínú, ọ̀gá."

"Rárá o," Arvid dáhùn láti inú koríko. "Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Èmi ni. Mo yà sọ́dọ̀ yín."

"Èmi ni mo yà sọ́dọ̀ yín kẹ́ ẹ tó yà sọ́dọ̀ mi."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo rín in títí omi fi bọ́ lójú mi. Toua àti Maisee sáré padà wá.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Toua béèrè.

"Wọ́n ń du ẹ̀bi mọ́ra wọn lọ́wọ́," ni mo ní.

Signe ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìsàlẹ̀. "Mọ́mì, ẹsẹ̀ yín."

Mo wò ó. Mi ò tiẹ̀ rí bàtà mi. Kò kan ilẹ̀ nìkan, ó ti wọ inú rẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀rín yẹn bá gbẹ lẹ́nu mi. "Gbé e lọ," mo ní. "Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́."

Signe ń fi ìka tẹ egungun èjìká ara rẹ̀ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. "Bẹ́ ẹ ṣe rí lọ́dún tó kọjá nìyẹn," ó ní. "Mo pè yín, ẹ ò dáhùn."

"Ṣé bó ṣe rí nìyí?"

"Bó ṣe rí gan-an nìyí."

Odindi ọdún kan ni mo fi rò pé ó kàn fẹ́ máa darí mi ni. Mi ò bi í rí ohun tójú rẹ̀ rí lọ́jọ́ yẹn. Mo gbá a mọ́ra, tòun ti ẹrẹ̀, mo ní, "Ẹ̀rù bà mí gan-an, Signe. Má bínú."

"Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ yín."

"Ẹ ò ní tún bẹ̀rẹ̀," Toua ní.

"Ó dáa," mo sọ fún Signe. "Tó o bá gbé kẹ̀kẹ́ mi, èmi náà á gbé tìẹ. Ṣebí ìwọ náà ṣubú."

"Ẹ lè gbé tèmi náà," Arvid ní láti inú koríko. "Kò burú rárá." Signe wá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó rín in débi pé a ò lè gbé e dìde.

Arvid bá wa jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo tún ti ṣe kéèkì mìíràn, òun náà sì ku ẹyọ kan nínú páànù. Arvid gé e sí méjì, Toua gé ìyókù, Maisee gé èyí tó kù. Signe kò gé tiẹ̀. Ó mú gbogbo ohun tó kù, ó gbé e sínú abọ́ mi.

"Ẹ jẹ ẹ́, Mọ́mì. A máa gun búlúù lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́la. Òfin tuntun rèé: ẹni tó bá fẹ́ ṣubú kó ṣubú, àmọ́ kó tètè dáhùn."

Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ìka mi.

Ọjọ́ Àìkú, ní ìyípo àkọ́kọ́ gan-an, taya iwájú mi yọ̀ lórí gbòǹgbò. Mo fò lọ sínú ewéko. Mi ò tíì balẹ̀ tán tí mo ti ń pariwo pé mo wà láàyè.

"A ti gbọ́," Signe ní lẹ́yìn mi. "Ẹ dìde ká máa lọ."